Ìwádìí Èrò Olùdìbò: Ta Ni Wọ́n Bi?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́. Kí akọ̀wé kà á sókè fún gbogbo ilé, kí ẹ sì jíròrò lórí àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí.

Ẹ̀kọ́ ojú ewé yìí a máa dá lórí ìwé ìṣirò, ẹ̀yáwó àti owó ìfowópamọ́. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ náà ni ó gbé wa débẹ̀.

Ìdìbò ààrẹ ọdún 2027 ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó kò, a óò máa gbọ́ lórí rédíò, a óò sì máa rí i lórí fóònù pé lágbájá ni yóò wọlé, pé báyìí báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Èkìtì ni wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan yóò wá bá wa ní ìpàdé pẹ̀lú ìwé àti bírò, wọn yóò ní àwọn ń wádìí èrò wa. Ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jẹ́, ohun tí ó lè sọ fún ni, àti ohun tí kò lè sọ.

1. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ ÌKẸ́RẸ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí ìdìbò gómìnà ku ọjọ́ díẹ̀, mo lọ sí ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ láti yẹ ìwé wọn wò. Bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní òun ń wádìí èrò àwọn ará ìlú lórí ìdìbò. Alága gbà á láàyè.

Ó ní kí gbogbo ẹni tí yóò dìbò fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá Eleka na ọwọ́ sókè. Ẹ rántí pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Òun ni igbákejì gómìnà nígbà náà, òun sì ni ẹgbẹ́ PDP fà kalẹ̀. Ọwọ́ kún inú ilé. Ó tún ní kí àwọn tí yóò dìbò fún Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ẹgbẹ́ APC na ọwọ́ tiwọn. Ẹnì kan kò nawọ́. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń tún gèlè wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi béèrè ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Ó fẹ́ ra aṣọ àti fìlà tí yóò tà ní ọjọ́ ìdùnnú. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹ̀yáwó kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjì owó ìfowópamọ́ ẹni lọ. Èyí tí ó béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń ṣiyèméjì, ó ní, "Ṣebí ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe ka ọwọ́? Kí ni a tún ń wádìí?" Ni wọ́n bá fọwọ́ sí i. Obìnrin méjì dúró fún un.

A dìbò ní ọjọ́ 14 oṣù Keje. Fáyẹmí ni ó wọlé. Aṣọ àti fìlà wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè wọn. Nígbà tí ayáwó kò rí owó san, owó ìfowópamọ́ àwọn onídùúró ni ẹgbẹ́ fi dí i. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti ń kó owó tirẹ̀ jọ de owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ náà jókòó sílé fún odindi sáà kan.

Èmi náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ọwọ́, n kò sọ ohun kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, pé kò kan ìwé tí mo wá yẹ̀ wò. Nígbà tí mo padà lọ, mo bi ìyá àgbà kan tí mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ tí ó nawọ́ fún. Mo ní, "Mà á, èmi rí yín tí ẹ nawọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ mi ni mo nà, n kò na ọkàn mi. Ta ni yóò jókòó láàárín àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní nawọ́ fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ìdajì ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdajì kejì.

2. KÍ NI ÌWÁDÌÍ ÈRÒ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta kòkó rí mọ iṣẹ́ ìsípẹ́kítọ̀ kòkó. Kì í da gbogbo àpò sílẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ó fi ń gún àpò, yóò yọ díẹ̀ lókè, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀. Yóò gún àpò púpọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Yóò pò wọ́n pọ̀, yóò ka 300 kóró nínú wọn, yóò là wọ́n sí méjì, yóò sì ka iye tí ó bu àti iye tí kòkòrò jẹ. Ohun tí ó bá rí nínú 300 kóró yìí ni yóò fi dá ẹjọ́ fún gbogbo ẹrù. Kò sí ẹni tí ó ń bá a jà pé kò ka gbogbo kòkó.

Ìwádìí èrò kò yàtọ̀ sí èyí. Kí á tó mọ ohun tí àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ kan ń rò, kò dìgbà tí a bá bi gbogbo wọn. Bí a bá yọ 1,000 ènìyàn láìṣe ojúsàájú, láti ìlú àti oko, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n bá sọ yóò sún mọ́ ohun tí gbogbo ìpínlẹ̀ ìbá sọ. Bí 50 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá ní Lágbájá ni àwọn fẹ́, òtítọ́ lè wà láàárín 47 sí 53. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi èyí hàn. Bí ó bá jẹ́ pé 100 ènìyàn péré ni a bi, òtítọ́ lè wà níbikíbi láàárín 40 sí 60, irú ìyẹn kò sì wúlò púpọ̀.

Ohun tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé títóbi ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìṣirò yìí padà. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n. Ṣíbí tí a fi ń tọ́ ọbẹ̀ ìkòkò kékeré wò náà ni a fi ń tọ́ ti ìkòkò ìnáwó wò. Kìkì pé kí a ti rò ó kí iyọ̀ lè kárí. Bí a kò bá rò ó, bí a fi ìgbákọ bù ú, irọ́ ni yóò pa fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ àgbẹ̀ tí ó gbọ́n àgbọ́njù, tí ó ń kó kòkó dáradára sí ẹnu àpò, tí ó fi èyí tí ó bu sí ìdí. Ẹni tí ó bá gún ẹnu àpò nìkan ti tan ara rẹ̀ jẹ.

3. ÀPÒ MẸ́TA LÓJÚ Ọ̀NÀ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú tiwa ṣe ìṣirò. Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó gba Ìsẹ̀ kọjá, tí ó dé Èmùré, kò tíì rin ìrìn àjò kan gúnmọ́. Ẹ wo èsì ìdìbò gómìnà ọdún 2018 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ́gẹ́ bí àjọ elétò ìdìbò INEC ti kéde rẹ̀:

Ìkẹ́rẹ́: PDP 17,183, APC 11,515.
Ìsẹ̀/Ọ̀rùn: PDP 6,297, APC 11,908.
Èmùré: PDP 7,121, APC 7,048.
Gbogbo Èkìtì: PDP 178,121, APC 197,459.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìbò ẹgbẹ́ méjèèjì yìí nìkan. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, APC ní nǹkan bí 40 ní Ìkẹ́rẹ́, 65 ní Ìsẹ̀/Ọ̀rùn, àti 50 ní Èmùré. Ní gbogbo Èkìtì, ó ní nǹkan bí 53.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé oníwàádìí mẹ́ta jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Èyí tí ó dúró sí Ìkẹ́rẹ́ yóò fi ìdánilójú sọ pé PDP ni yóò wọlé. Èyí tí ó dúró sí Ìsẹ̀ yóò búra pé APC ni, pé ìjà kò sí níbẹ̀ rárá. Èyí tí ó lọ sí Èmùré yóò ní òun kò lè sọ, nítorí ìbò 73 péré ni ó wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Ohun tí ojú kálukú rí ni ó sọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ Èkìtì nínú wọn.

Ẹ tún wò ó. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé tí wọ́n da ìwé wọn pọ̀, PDP yóò ní 30,601, APC yóò ní 30,471. Ìyẹn ni pé nǹkan bí 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ni 53 sí 47. Wọn kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún mọ́ ọn ju ẹni tí ó dúró sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀ nìkan lọ. Bí wọ́n bá tún kan Adó, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìjerò, ọbẹ̀ náà yóò túbọ̀ ro. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí á gún àpò púpọ̀.

Ẹ padà sí ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ọwọ́ tí wọ́n kà. Èkínní, Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe Èkìtì. Ìkẹ́rẹ́ dìbò fún ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, ó sì fi ìbò 5,668 gbè é, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ wa. Èkejì, ẹnì kan kò nawọ́ fún APC ní ìpàdé yẹn, bẹ́ẹ̀ ènìyàn 11,515 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ka fún un nígbà tí wọ́n dé ibi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Ọwọ́ ni wọ́n nà, wọn kò na ọkàn wọn.

4. PÚPỌ̀ KỌ́ NI ÒTÍTỌ́

Ẹlòmíràn lè ní, "Bí wọ́n bá ti bi ènìyàn púpọ̀, ó tán." Kò tán o. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ènìyàn lórí ìdìbò ààrẹ. Àwọn tí ó dá èsì padà lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n ní Alf Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt ni ó wọlé, ó sì gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 tí ó wà nígbà náà.

Níbo ni ìwé ìròyìn náà ti ṣìnà? Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti àwọn tí ó ní ọkọ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ. Ní àkókò ọ̀wọ́n owó yẹn, tálákà kò ní tẹlifóònù, bẹ́ẹ̀ àwọn tálákà ni wọ́n pọ̀ lẹ́yìn Roosevelt. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí kò fèsì, àwọn tí inú ń bí ni ó yára kọ ìwé padà. Ní ọdún kan náà, George Gallup bi ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ó farabalẹ̀ yàn láti oríṣiríṣi ipò, ó sì sọ pé Roosevelt ni. Òun ni ó gbà á. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1938, Literary Digest ti kógbá sílé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí a bá gún ẹgbẹ̀rún àpò ní ẹnu nìkan, a kò tíì mọ ohun tí ó wà ní ìdí wọn.

5. ÌPÍNLẸ̀ TÍ KÌ Í DÚRÓ SÓJÚ KAN

Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí a ti mọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò dìbò fún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ibi tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ni. Irú àwọn kejì yìí ni oníwàádìí máa ń sá lọ jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé jù, nítorí díẹ̀ ni ó wà láàárín ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó já.

Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, irú rẹ̀ ni Wisconsin, Michigan àti Pennsylvania. Ọ̀pọ̀ ìwádìí sọ pé Hillary Clinton ni ó wà níwájú níbẹ̀. Donald Trump ni ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ bí a bá ro ìbò tí ó fi jù ú lọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò tó 80,000. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wádìí ìwádìí náà fúnra rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tí ó kàwé púpọ̀ ni ó máa ń gbà láti dáhùn ìbéèrè jù, ọ̀pọ̀ oníwàádìí ìpínlẹ̀ kò sì ṣe àtúnṣe fún èyí. Wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tíì pinnu títí ó fi ku ọjọ́ díẹ̀.

Èkìtì tiwa náà kì í dúró sójú kan. Ẹ wo ìdìbò ààrẹ. Ní ọdún 2015, Goodluck Jonathan ti PDP ní 176,466 níbí, Muhammadu Buhari ti APC ní 120,331. Ní ọdún 2019, ó yí padà: Buhari ní 219,231, Atiku Abubakar ti PDP ní 154,032. Ilẹ̀ kan náà ni, ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàárín. Òfin orílẹ̀-èdè wa sì ní kí ẹni tí yóò di ààrẹ ní ìbò jù, kí ó sì tún ní ó kéré tán ìdá mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Nítorí náà kò sí ìpínlẹ̀ tí ó kéré tí olùdíje lè fojú di.

6. ÌWÁDÌÍ TÍ A ṢE KÍ A TÓ DÌBÒ NÍ ỌDÚN 2023

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ NOIPolls fi fóònù ṣe ìwádìí kan káàkiri Nàìjíríà fún ANAP Foundation. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 23 ní Peter Obi ti Labour Party ni àwọn fẹ́, 13 ní Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti APC, 10 ní Atiku Abubakar ti PDP, 2 ní Rabiu Kwankwaso ti NNPP. Kíá ni ọ̀rọ̀ gba ìlú kan pé Obi ni ó wà níwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ ro iye yẹn pọ̀. Ó jẹ́ 48. Níbo ni 52 yòókù wà? 29 ní àwọn kò tíì pinnu. 23 kọ̀ láti sọ. Àwọn tí ó dákẹ́ pọ̀ ju àwọn tí ó sọ̀rọ̀ lọ! Inú ìwé ìwádìí náà ni èyí wà gbangba, kò sí ẹni tí ó fi pamọ́. Àwa olùgbọ́ ni a kò kà á dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí a dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Tinúbú ní 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Kì í ṣe pé ìwádìí náà lá àlá lásán. Obi gba ìpínlẹ̀ 11 pẹ̀lú Àbújá, títí kan Èkó, ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní fóònù tí ó sì gbà láti bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kọ́ ni gbogbo Nàìjíríà.

Ohun kejì tún wà. Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè kì í ṣe dandan kí ó jáde dìbò. Orúkọ tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 ni ó wà nínú ìwé olùdìbò lọ́dún náà. Àwọn tí ó dìbò kò ju nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé-iṣẹ́ Stears, tí òun náà ṣe ìwádìí kí ìdìbò tó dé, fi ọgbọ́n sọ tirẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ó ní bí olùdìbò bá jáde púpọ̀, Obi ni. Bí wọn kò bá jáde púpọ̀, Tinúbú ni. Ọ̀nà kejì ni ó ṣẹ.

Níbí ní Èkìtì ńkọ́? Tinúbú ní 201,494, Atiku ní 89,554, Obi ní 11,397. Ẹni tí ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè fi síwájú kò ní ju nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ ìwádìí gbogbo Nàìjíríà, kí a má ṣe rò pé ti Èkìtì ni. Ẹ sì kíyè sí i: bí a bá ro ìbò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ 302,445, nígbà tí orúkọ tí ó wà nínú ìwé olùdìbò Èkìtì lé ní 980,000. Nínú olùdìbò mẹ́wàá, bí méje ni ó jókòó sílé. Àwọn méje wọ̀nyí ni ìwádìí kì í rí, bẹ́ẹ̀ bí mẹ́ta péré nínú wọn bá dìde, wọ́n lè yí gbogbo èsì padà.

7. ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ TÍ Ó YẸ KÍ A BI OLÙWÁDÌÍ

Bí ẹ bá tún gbọ́ pé ìwádìí ti sọ ẹni tí yóò wọlé, ẹ má ṣe gbà á, ẹ má sì ṣe kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́fà yìí:

(i) Ta ni ó san owó iṣẹ́ náà? Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ rántí pé ọlọ́jà kì í ní ọjà òun kò dára.
(ii) Àwọn wo ni wọ́n bi, níbo? Ṣé ọjà Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni, tàbí wọ́n dé abúlé àti oko? Ṣé ẹni tí kò ní fóònù wà níbẹ̀?
(iii) Mélòó ni wọ́n bi? Bí kò bá tó 400, kí a má fi ọkàn sí i púpọ̀.
(iv) Mélòó ni kò dáhùn, mélòó ni kò tíì pinnu? Bí iye wọn bá ju àlàfo tí ó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì lọ, kò sí ẹni tí ó tíì wọlé.
(v) Báwo ni wọ́n ṣe bi wọ́n? Ṣé ní kọ̀rọ̀ ni, tàbí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn?
(vi) Ọjọ́ wo ni? Ìwádìí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di ọbẹ̀ àná.

Bí wọ́n bá fi èsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lélẹ̀, ẹ lè gbé ìwádìí náà lé ìwọ̀n. Bí wọ́n bá fi pamọ́, ẹ mú un bí àhesọ.

8. OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ PA LÁṢẸ FÚN ẸGBẸ́

Nígbà tí Àjọ Alájẹṣẹ́kù Àgbáyé to ìlànà àwọn aṣáájú Rochdale jọ ní ọdún 1937, ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹgbẹ́ kì í gbè sẹ́yìn òṣèlú tàbí ẹ̀sìn kankan. Kì í ṣe pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe òṣèlú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jókòó sí ìpàdé, owó wa ni ó pa wá pọ̀, kì í ṣe àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú. Nítorí náà:

Kí alága má ṣe gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ka ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò nawọ́ ti di ẹni àfojúsùn, ẹni tí ó sì nà án lè ti parọ́. Kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Kí akọ̀wé má ṣe fi ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún olùwádìí kankan, bí ó ti wù kí ó bẹ̀bẹ̀ tó, àyàfi bí ẹni tí ó ni nọ́ńbà bá gbà. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 wà lẹ́yìn yín.

Bí olùwádìí bá bá yín nílé tàbí lórí fóònù, ẹ lè dáhùn, ẹ sì lè kọ̀. Bí ẹ bá máa dáhùn, ẹ sọ òtítọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ, ẹ ní ẹ kò fẹ́ sọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí kò dára ni kí á sọ ohun tí olùbéèrè fẹ́ gbọ́.

Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má ṣe fi àsọtẹ́lẹ̀ ìdìbò ṣe ìdí ẹ̀yáwó. Ìlọ́po méjì owó ìfowópamọ́ ni òfin, ìlọ́po méjì náà ni, yálà ìdìbò ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Onídùúró ni ó ń san gbèsè tí àsọtẹ́lẹ̀ bá dá.

9. Ọ̀NÀ TÍ ÌMỌ̀ YÌÍ LÈ GBÀ ṢE WÁ LÓRE

Ohun tí ó dára ni ìwádìí jẹ́ bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ká ní ẹgbẹ́ yín ní ọmọ ẹgbẹ́ 300, tí ìgbìmọ̀ sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí a fi èrè ọdún ra ẹ̀rọ ìlọgaàrí tàbí kí a pín in. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 títí dé 10 sí bébà kéékèèké, kí ọmọdé kan mú ọ̀kan. Bí ó bá mú 4, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ kẹrin nínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa mú orúkọ kan lẹ́yìn mẹ́wàá mẹ́wàá: 4, 14, 24, títí dé òpin. Ẹ óò ní 30 orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ojúsàájú yàn. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ sílé, ẹ fún wọn ní bébà kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n jù ú sínú àpótí tí a tì. Ẹni tí kò sí nílé, ẹ padà lọ. Ẹ má ṣe fi aládùúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ọgbọ̀n ènìyàn kò pọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi ṣe ìpinnu. Ìpàdé gbogbogbòò nìkan ni ó lè pinnu, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan ṣoṣo, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yóò ti mọ ibi tí ọkàn àwọn ènìyàn wà, wọn kò sì ní bá ariwo àwọn mẹ́ta tí ó máa ń sọ̀rọ̀ jù ní ìpàdé lọ.

Obìnrin tí ó pàdánù owó rẹ̀ ní ọdún 2018 ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ padà sí ilé-ìwé, ó pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni. Nígbàkúùgbà tí mo bá lọ síbẹ̀ tí ẹnì kan bá ní "gbogbo ènìyàn ni ó wà lẹ́yìn lágbájá", òun ni ó máa ń dáhùn: "Gbogbo ènìyàn wo? Ta ni ẹ bi?"

Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àṣìṣe méjì tí ó wà nínú ọwọ́ tí wọ́n kà ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún 2018?
2. Ìwádìí kan bi 1,000 ènìyàn. Ó ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wà lẹ́yìn A, 38 wà lẹ́yìn B, 22 kò tíì pinnu. Ṣé a lè sọ pé A ni yóò wọlé? Ẹ ṣàlàyé.
3. Kí ni ìdí tí ìwé ìròyìn tí ó gba èsì ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 fi ṣìnà ní ọdún 1936?
4. Bí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan tí ó jẹ́ aṣáájú òṣèlú bá béèrè ìwé orúkọ ẹgbẹ́, kí ni akọ̀wé yóò sọ fún un láìsí ìjà?
5. Ọ̀rọ̀ wo ni ó wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín báyìí tí ẹ lè fi ọ̀nà 4, 14, 24 wádìí kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé?



Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, Gúúsù Èkìtì.